Ìlà Àkọ́kọ́

Ní Sušice, létí igbó Šumava,
èmi Drahomíra ni mo ń tọ́jú àpótí ìbéèrè àwa tí ń ṣa olú.
Alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo ń ṣí i,
lẹ́yìn tí òjò oṣù kẹsàn-án bá ti rin ilẹ̀,
tí olú ń yọrí bí àlejò tí a ò ránṣẹ́ pè.

Ctibor ló mọ olú jù nínú wa.
Ojú rẹ̀ kan ti lọ,
èkejì ń ṣiṣẹ́ bí àtùpà tí epo rẹ̀ kù díẹ̀.
Nítorí náà, ìlà àkọ́kọ́ nìkan ló ń kà.
Bí nǹkan bá wà nínú ìlà náà,
á wá awò, á nù ún lára súwẹ́tà, á ka ìyókù.
Bí kò bá sí,
ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ìbéèrè."
Ohun tí Radovan awakọ̀ bọ́ọ̀sì kọ sórí tirẹ̀ nìyẹn,
ó tún fa ìlà mẹ́ta sí i nídìí.
Ìbéèrè! Kí la bá tún máa wá nínú àpótí ìbéèrè, ẹyin?
Lọ́sẹ̀ kejì ó kọ "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun."
Lọ́sẹ̀ kẹta: "Ṣé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan kan níbí ni?"
Olú tó kó wá wà nínú àpò bébà lábẹ́ tábìlì,
ó ti somi, ó ti bí ìdin,
àwọn ìdin náà ti ń retí ọmọ-ọmọ.

Lóòótọ́, ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.
Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní ìkóríta,
tó ń pariwo "Ọ̀nà dà? Ọ̀nà dà?"
tí kò dárúkọ ìlú,
apá ibo ni ká nàka sí fún un?

Běla, ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò kí wa, kò bẹ̀ wá:
"Olú tó ń sun oje aláwọ̀ ọsàn, lábẹ́ igi páínì,
tó ń di àwọ̀ ewé níbi tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́:
ṣé èyí tí ìyá àgbà mi ń rì sínú ọtí kíkan ni?"
Nísàlẹ̀ ló ti sọ̀rọ̀ ojú irin àtijọ́ àti òjò ìjẹta,
ó sì fi kún un pé:
"N kò mọ bí ìdí rẹ̀ ṣe rí. Mo ti gé e kí n tó rántí."
Ctibor rẹ́rìn-ín.
Ó ní, ọmọ yìí fọwọ́ mú mi dé ibi tí kòtò wà.
Ó jọ ọ́. Kó mú un wá, kí n fojú ara mi rí i.

Mo fa Radovan sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo fún un ní bébà.
Kí lo rí? Níbo? Kí lo fẹ́ mọ̀ gan-an?
Ó ń yí fìlà lọ́wọ́.
"Ẹ̀rù ló ń bà mí, Màmá.
Ojú sì ń tì mí láti kọ ẹ̀rù síwájú àgbà."

N kò fi í ṣẹ̀sín.
Ọdún tí Vojen ọkọ mi dùbúlẹ̀,
mo dúró níwájú dókítà, mo ní, "Ara rẹ̀ ò yá."
Mo mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni.
Mo mọ̀ pé òru ló ń mú un, láti Ọdún Àjíǹde.
Gbogbo rẹ̀ há sí mi lọ́fun bí egungun ẹja.
Dókítà kọ oògùn ikọ́.

Radovan jókòó. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ.
Tíì mi tutù.
Nígbà tó ṣe, ó tì í sábẹ́ ojú Ctibor:

"Olú funfun, òrùka lọ́rùn, àpò nídìí, lábẹ́ igi óákù.
Ìyókù wà lórí okùn ní kíṣíìnì, ìyàwó mi fẹ́ sè é lálẹ́ yìí:"

Ctibor kò dúró wá awò.
Ó ti dìde, ìjókòó rẹ̀ ti ṣubú,
ó ń na ọwọ́ sí fóònù.