Ẹni Tí Kò Tà

Mo rí ìwé náà ní Ọjọ́rú kan, nígbà ọyẹ́.
Eruku ti bo gbogbo Bompai bí ìyẹ̀fun,
òórùn ẹ̀pà sísun lẹ̀ mọ́ aṣọ wa bí ìgbà gbogbo.
Ojú ìwé kẹtàdínlógójì, lẹ́tà wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà:
Alága ti fi ṣíà tirẹ̀ dógò ní báńkì kan l'Ábújá,
ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ilé iṣẹ́ wa,
kó lè kọ́ ilé ìtura sí Jábì, létí omi.

Mo mọ ohun tí à ń pè ní ìwọ̀fà.
Bàbá bàbá mi ṣe é rí ní Ògbómọ̀ṣọ́:
a roko olówó láàárọ̀,
kó tó roko ara rẹ̀ nírọ̀lẹ́.
Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló fi dógò.
Kò pọn ọmọ aládùúgbò lọ sóko olówó.

Gambo tó ń ṣọ́ géètì,
Ìdòwú là bá pè é nílé wa, ìbejì ló ṣáájú rẹ̀,
ta akọ màlúù méjì, ó fi ra ṣíà,
nítorí Alága dúró ní gbàgede, ó fọwọ́ láyà:
"Èmi ò ní tà. Inú ọkọ̀ kan náà la wà."
Òótọ́ ni. Kò tà.
Ó gbà mí tó ọdún kan kí n tó mọ̀
pé ẹni tí kò tà lè ti ná an tán.

Ẹ̀pà kùnà ní Gezawa. Òjò pẹ́ kó tó dé, ó sì tètè lọ.
Ṣíà wa já láti náírà mẹ́sàn-án sí mẹ́fà.
Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni; ọjà a máa wálẹ̀, a máa gòkè.
Báńkì ló fóònù: ẹ mú owó sí i, àbí ká tà.
Lálẹ́ ọjọ́ náà Alága pè mí sí yàrá rẹ̀,
ó ní kí n kọ epo tí a ò tíì fún
sínú ìwé bí epo tí a ti tà.
Ó rọra sọ ọ́. Ó tilẹ̀ fún mi ní tíì.
Mi ò kọ ọ́.
Ẹlòmíràn kọ ọ́.

Báńkì tà lọ́jọ́ Ajé.
Mẹ́fà di mẹ́rin; torí ó di mẹ́rin, wọ́n tún tà;
torí wọ́n tà, ó di náírà kan ààbọ̀,
bí ẹni tó ń wa yanrìn
nídìí ògiri tó fara tì.

Gambo ní, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n jí i ni?"
Rárá.
"Ṣé iná jó o?"
Rárá.
Ó wo èéfín ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.
"Kí ló wá kú?"
Mi ò rí i wí lédè Haúsá.
Mi ò tíì rí i wí ní Yorùbá náà.

Mo kọjá ní Jábì lóṣù tó kọjá.
Ilé ìtura náà ò ní òrùlé.
Lékeléke bà sórí irin rẹ̀, mo kà wọ́n,
iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣá ni: mọ́kàndínlógún.
Àwọn nìkan ni mo rí níbẹ̀
tí ẹnikẹ́ni ò fi dógò.