Òru Mẹ́ta ní Ṣómólú

Òru mẹ́ta ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ké.
A kò sùn, a kò wẹ̀.
Ojú Adégbuyì ń jáde lẹ́nu irin,
ọ̀kẹ́ kan ojú, eyín funfun, fìlà tó ń dán:
“Ẹ dìbò fún mi, ara yóò tù yín.”
Jẹnẹrétọ̀ ń mu epo bí ọ̀mùtí.

Lọ́jọ́ kẹrin, ẹgbẹ́ kejì dé,
owó wọn wà nínú àpò ìrẹsì.
Ọ̀gá Lásísì ní kí n fọ rólà,
kí àwọ̀ ewé má baà kan pupa.
Mo fọ̀ ọ́.
Gọ́tà kan náà ni yíǹkì méjèèjì jọ wọ̀,
wọn ò jà.

Mo bi akápò wọn, “Ta ló dá owó yìí?”
“Àwọn tó ń wa yanrìn lọ́sà ni.”
“Kí ni wọ́n máa gbà padà?”
Ó ń ka owó lọ. Ó ṣì í kà,
ó tún un bẹ̀rẹ̀.

Ìbò ti lọ. Adégbuyì wọlé.
Ìdajì owó iṣẹ́ wa ṣì wà lọ́rùn rẹ̀;
a pè é títí, kò gbé e.
Àwòrán rẹ̀ ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ wa, rẹpẹtẹ:
ọmọ mi ń ṣe ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀,
ìyàwó mi fi ọ̀kan dí fèrèsé tó fọ́.
Lánàá òjò rọ̀ mọ́jú.
Ó ń rẹ́rìn-ín sí wa,
omi ń gba eyín rẹ̀ wọlé.