Òjò Àsanwógbọ́

Ní Bergen, òjò kì í tọrọ àyè.
Ó ń rọ̀ sórí òrùlé, sórí ọkọ̀ ojú omi,
sórí ọmọ tuntun nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ó ń rọ̀ bí ẹni tó jẹ ìlú ní gbèsè
tó sì ń san án díẹ̀díẹ̀.

Gunnvor ti gbé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin.
Ó ta tíkẹ́ẹ̀tì lórí ọkọ̀ ojú omi fún ọgbọ̀n ọdún;
bí o bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́,
yóò ti mọ̀ láti ibi tí o ti ń wo bàtà ara rẹ.
Kò sẹ́ni tó rẹ́ ẹ jẹ rí.

Lọ́dún tó kọjá ni àwọn onílé pààrọ̀ fèrèsé,
wọ́n gbé onígíláàsì mẹ́ta wá,
òtútù ò lè là á kọjá, ariwo ò lè là á kọjá.
Lálẹ́ ọjọ́ náà, ó dùbúlẹ̀, ó ń wo òjò
tó ń la ẹnu, tó ń pa á dé lẹ́yìn gíláàsì,
bí odi tó ní ìròyìn láti sọ.
Ilé dákẹ́ bí inú àpótí.
Oorun bá kọ̀ ọ́.

Eilif, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló ní kò tó nǹkan:
"Ìyá àgbà, ó wà nínú fóònù. Ìró òjò,
irú èyí tó bá wù yín. Ọ̀fẹ́ ni, ọjọ́ méje."
Nọ́ńbà káàdì nìkan ni wọ́n béèrè, pé kó ṣáà wà níbẹ̀.
Ẹ̀bìtì tí ò kún ẹmọ́ lójú…
ẹ jẹ́ n dánu dúró níbẹ̀,
àgbàlagbà là ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Òjò inú fóònù lórúkọ:
òjò orí àgọ́, òjò orí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òjò orí páànù.
Gunnvor mú ti orí páànù,
ó sùn bí ọmọ tó mu ọmú yó.
Ọjọ́ keje kọjá. Kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn.
Lọ́jọ́ kẹjọ, ọwọ́ kan wọ àpò rẹ̀
jẹ́jẹ́, bí ikán ṣe ń jẹlé.

Oṣù mẹ́rìnlá.
Owó iná ló gbé e dé báǹkì tó fi rí i:
orúkọ ilé-iṣẹ́ kan tí kò gbọ́ rí,
kírónà mọ́kàndínláàádóje, lóṣooṣù, lóṣooṣù,
bí owó ìtọ́jú ọmọ tí kò bí.
Yngvild, akọ̀wé báǹkì, rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn:
"Èmi náà ń sanwó ilé eré ìdárayá kan ní Oslo.
Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti kúrò ní Oslo."

Ó délé, ó wọ jígí ojú, ó wá ọ̀nà àbájáde.
Ẹnu ọ̀nà àbáwọlé fẹ̀ bí èbúté;
àbájáde rí bí ihò abẹ́rẹ́,
aláwọ̀ eérú, nísàlẹ̀ pátápátá.
Ó tẹ̀ ẹ́. Ṣé ó dá yín lójú? Bẹ́ẹ̀ ni.
Ṣé ká dín in kù sí ìdajì? Rárá.
Kí ló bí yín nínú? Ẹ mú ọ̀kan nínú mẹ́fà.
"Ẹ jí mi lówó" ò sí nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.
Ó mú "Òmíràn".
Wọ́n ní àárò rẹ̀ yóò máa sọ àwọn.
Ìyẹn nìkan ló dùn ún.
Láti ìgbà tí Asgaut ti kú,
kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Wọ́n ní òjò rẹ̀ ṣì wà títí di ọjọ́ kejìdínlógún,
torí ó ti sanwó.
Gunnvor kọ́, ló máa fi í sílẹ̀ fún wọn?
Nígbà tó dalẹ́, ó tan òjò fóònù.
Ó wá fi èjìká ti fèrèsé tuntun náà títí ó fi ṣí.
Òjò méjì ń rọ̀ nínú yàrá kan.
Ó tẹ́tí, ó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀,
oorun gbé e lọ kó tó mọ̀ ọ́n.

Ilẹ̀ mọ́. Kápẹ́ẹ̀tì rin gbindin.
Òun ló sanwó ti ìta.