NI

Ọ̀dà ni mo fi ń jẹun ní Byazhin,
níbi tí ọ̀dà títì ti tán kó tó dé ilé wa.
Búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta, àkàbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú,
ìyẹn nìkan ni ẹgbẹ́ tí mo forúkọ sí.

Ọ̀gbẹ́ni Zakka ránṣẹ́ sí mi lọ́jọ́ Ajé:
ará Kwara àti Kogí pọ̀ ní òpópó yìí,
kọ ọ́ ní Yorùbá kó yé wọn
pé ọmọ ÀJÙMỌ̀NÍ ni mí.
Ó san ìdajì owó.
Lọ́jọ́bọ̀, Àlájì Gázálì náà pè:
ògiri tó dojú kọ tirẹ̀ ni kó o kọ tèmi sí,
pé ÀDÁNI ló lè tún ìlú ṣe.
Òun náà san ìdajì.
Ìdajì méjì kì í ṣe odidi, ẹ bi ìyàwó mi.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo kọ méjèèjì,
ni àríyànjiyàn bá bẹ́ nídìí tábìlì onítíì.
Alàgbà Fámúyìdé, tó fẹ̀yìn tì ní mínísìrì,
na ìka bí ẹni ń ka òfin:
"Sósálíìsì ni Zakka!
Yóò pín ilẹ̀ yín bí ẹni pín búrẹ́dì."
Owó ìfẹ̀yìntì ìjọba ló fi ra búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀.
Tíṣà Arínọlá fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì nù:
"Kápítálíìsì ńkọ́? Ẹ̀rọ omi tí Gázálì gbẹ́ sínú ọgbà rẹ̀,
ọgọ́rùn-ún náírà ni kẹ́ẹ̀gì kan!"
Tíṣà ló ni ilé-ìwé kékeré ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí,
ọmọ tí kò bá sanwó kì í wọlé ìdánwò.

Sanúsí onítíì kò dá sí i.
Ó ń da tíì láti ife dé ife, ó gùn bí okùn.
Gbèsè gbogbo wa wà nínú ìwé rẹ̀,
tàjùmọ̀ní tàdáni, ní lẹ́tà Lárúbáwá.
Mo ní, ìwọ ńkọ́, èwo ni ọ́?
Ó ní, "Kí ni wọ́n ń pe ẹni tó ń tàwìn?"
Alàgbà ronú títí, kò rí i nínú ìwé tó kà.

N kò ní purọ́, mo gbádùn rẹ̀.
Orúkọ ni mo ń tà.
Agolo ọ̀dà pupa kan ṣoṣo ló kọ méjèèjì;
nígbà tó kù sísàlẹ̀, mo fi kẹrosíìnì là á,
ìdí nìyẹn tí ÀDÁNI fi rí bí ẹni tó ń ṣòjòjò.

Kó tó gbẹ, ewúrẹ́ kan dé.
Ó fi ìhà ha ògiri kan,
ó sọdá, ó ha èkejì,
ibi tí ọ̀rọ̀ méjèèjì parí sí gan-an.
NI lọ́tùn-ún, NI lósì,
ó dojú délẹ̀ bí ìwé inú dígí,
ó ń rìn lọ bí olùdíje.

Ewúrẹ́ yìí náà ló ń jẹ èèpo iṣu ní ilé gbogbo wa.
Tó bá ń jẹ, ti àdúgbò ni;
ọjọ́ tí wọ́n bá dúńbú rẹ̀, à á mọ olówó rẹ̀.
Mo na búrọ́ọ̀ṣì sókè: ta ló ni ẹran yìí?
Ta ni yóò san owó ọ̀dà mi?

Alàgbà wo inú ife.
Tíṣà ń wá bàtà lábẹ́ àga.
Sanúsí ṣí ìwé sójú ewé tuntun,
bíírò lọ́wọ́,
ó ń dúró de orúkọ.