Yìnyín Inú Fídíò

Kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni màmá mi fi sílẹ̀.
"Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dé Grimsby" ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn,
bíró búlúù tó ti ń ṣá.
Mo tì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, ó gbé e mì káló.
Àwòrán jáde, ó ń gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe,
ojú màmá mi ń fà bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì,
pupa ẹ̀wù wọn ṣàn kúrò lára wọn
lọ sára ògiri tí kì í ṣe tiwọn.
Funfun wínníwínní sì bo gbogbo rẹ̀,
bí ẹni ń ku ìyẹ̀fun sójú àwòrán.

Mo kan ilẹ̀kùn Bàbá Clive, ilé kejì,
tó fi ọgbọ̀n ọdún tún tẹlifíṣọ̀n ṣe kó tó fẹ̀yìn tì.
Ó dé pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀, àpò irinṣẹ́ lábíyá.
"Má tíì bú téèpù. Wáyà ni kí o kọ́kọ́ fura sí."
Lóòótọ́, eyín wáyà kan ti wọ́.
Ó fi ẹ̀mú tọ́ ọ, ó kì í bọ ihò rẹ̀ padà,
pupa sì padà sílé, ó jókòó sára ẹ̀wù.

Ìlà funfun kan ṣì ń sáré nísàlẹ̀.
"Bọ́tìnnì róbótó yẹn, yí i pẹ̀lẹ́,
bí ẹni ń ṣílẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí."
Mo yí i. Ìlà náà rọra rì.

Ó wá tú ìdérí.
"Orí ló dọ̀tí," ni Clive wí.
Ẹ̀rín pa mí, n kò mọ bí mo ṣe máa túmọ̀ rẹ̀ fún un:
nílé wa náà, kí a tó fẹ̀sùn kan aráyé,
orí la kọ́kọ́ ń bi.
Ó fi sípírítì rin awọ rírọ̀
(kì í ṣe òwú o, òwú a máa já sílẹ̀)
ó fi ti orí náà, ó ń fọwọ́ yí i,
eérú ọdún méjìdínlógójì dúdú sára awọ.

A tún un tẹ̀. Ojú mọ́ kedere, mo rí ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.
Ṣùgbọ́n funfun yẹn kò lọ.
Clive pààrọ̀ wáyà. Kò lọ.
Ó gbé ẹ̀rọ tirẹ̀ wá láti ilé. Kò lọ.
Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò.
"Dúró ná. Wo èjìká wọn."

Ó ń bà lé èjìká. Ó ń yọ́.
Ó ń gba ẹ̀yìn òpó iná kọjá.
Màmá mi la àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gba díẹ̀, wọ́n fi ahọ́n tọ́ ọ wò.
Ohùn bàbá mi, lẹ́yìn kámẹ́rà, ń ha bí iyanrìn:
"Báwo ló ṣe rí lẹ́nu?"
"Kò jọ nǹkan kan!"

Clive na ọwọ́ sí irinṣẹ́.
"Ṣé kí n tún ti ohùn náà ṣe?"
Mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.