Sùbérù Oníyìnyín

Kí wọ́n tó kírun àsúbà tán,
ẹ̀gbọ́n mi ti gbé òòlù.
Gbàà! Gbàà! Ó ń fọ́ yìnyín lẹ́yìn Ọjà Olúwo,
ó ń bù ú sínú kúlà àwọn ẹlẹ́ja.
"Sùbérù, fi díẹ̀ sí i fún mi, ọ̀bọ̀kún mi ti ń rọ̀."
Á fi díẹ̀ sí i.
Ta ló rántí pé ọwọ́ yẹn kan náà
ni ọ̀kẹ́ kan ènìyàn ń dìde pàtẹ́wọ́ fún
nílùú tí odò ti máa ń le bí òkúta?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni
nígbà tí àbúrò bàbá wa mú un lọ sí Kánádà.
Sálúbàtà ló wọ̀ gun ọkọ̀ òfurufú.
Lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ dé, ó ní:
"Ìyá mi, ọ̀sà ibí yìí máa ń kú.
Wọ́n á wá de abẹ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà,
wọ́n á máa sáré lórí òkú rẹ̀."
Ìyá wa gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Igi tí wọ́n fún un tẹ̀ lẹ́nu,
ó dì í mú bí ẹni di àjẹ̀ mú.
Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ, kò ju ọmọrí agolo lọ,
òun ló sọ ọmọ atukọ̀ di olówó.
Òyìnbó ò lè pe Sùbérù. Wọ́n ń pè é ní Súbì.
Àwa ń wò ó nínú fóònù Mùkáílà
ní aago mẹ́ta òru, dátà ń tán lọ,
àwòrán á dúró gbagidi:
ẹsẹ̀ rẹ̀ kan nílẹ̀, ìkejì lókè, igi lẹ́yìn orí.
Ṣé ó wọ àwọ̀n àbí kò wọ̀ ọ́?
Títí dòní mi ò mọ̀.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá a mọ́ ògiri,
ó dìde, ó rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀ẹ̀kejì, ó bì.
Ẹ̀ẹ̀kẹta, dókítà bi í pé, "Níbo lo wà?"
Ó ní, "Etí ọ̀sà, l'Épẹ̀ẹ́.
Ìyá mi ń ha ìpẹ́ epìyà."

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Wọ́n kó owó kalẹ̀, ó bọ́ bàtà.
Àwọn oníròyìn ibẹ̀ ní ojo ni.
Àwọn ará ilé ní ayé ló ṣe é.
Ògiri ló ṣe é.

Owó tó kù ló fi ra ẹ̀rọ yìnyín méjì àti jẹnẹrétọ̀.
Bàtà abẹ ń dípẹtà lórí ìṣó;
ẹ̀wù rẹ̀, Mùkáílà fi ń nu ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi.
Oòrùn ń gún un lójú.
Nígbà mìíràn á pè mí lórúkọ ìyá wa,
màá sì jẹ́ ẹ.

Lánàá, èérún yìnyín kan yọ̀ bọ́ sórí sìmẹ́ńtì tútù.
Ìgbálẹ̀ onígi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Mo rí i tó tẹ orúnkún,
tó fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, wóó,
láàrin ẹsẹ̀ Ìyá Ṣàkírà, láàrin apẹ̀rẹ̀ àrọ̀ méjì,
ó lọ kan ògiri lóhùn-ún.
Àwọn ọmọdé pariwo.
Ó wo ẹ̀yìn, ó wo òkè, bí ẹni tí wọ́n pè láti ọ̀nà jíjìn.

"Sùbérù," ni Ìyá Ṣàkírà wí,
"yìnyín tí mo sanwó rẹ̀ dà?"