Etí Tó Wà Nínú Ìrètí

Òjò erékùṣù Quehui kì í kan ilẹ̀kùn.
Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ti ń lu páànù wa
bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé.
Mo jókòó ti iná ìdáná, mo ń hun ìbọ̀sẹ̀,
ojú mi wà lára òwú,
etí mi wà ní yàrá kejì.

Oko ọ̀dùnkún la wà
nígbà tí wárápá kọ́kọ́ gbé Yerko.
Ọ̀dùnkún pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀,
a tú ìka rẹ̀ títí, kò tú.
Mo kígbe dé etí òkun.
Etí òkun gbọ́, kò dáhùn.
Aládùúgbò wa fa ọmọ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Mi ò kígbe mọ́ báyìí. Kíkà ni mò ń kà.
Mo yí i sí ẹ̀gbẹ́,
mo ká súwẹ́tà sábẹ́ orí rẹ̀,
(ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu)
mo ń kà: ọgbọ̀n. Ogójì.
Ẹni tí kò bá kà á rí kò lè mọ̀
pé ogójì jìnnà sí àádọ́ta
ju erékùṣù wa sí Castro lọ.

Wọ́n á ní, "Eduvigis, ọmọ ńkọ́?"
Màá ní, "Ó wà."
Òótọ́ ni, ọmọ wà.
Ìyá ọmọ ni mi ò mọ ibi tó wà.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, a wọkọ̀ ojú omi lọ gba oògùn.
Ọkùnrin kan jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Fidelmo lorúkọ rẹ̀,
ọmọ rẹ̀ obìnrin sùn lé e lẹ́sẹ̀
pẹ̀lú àṣíborí aláwọ̀ ewé lórí.
Ó wò mí, kò wo Yerko.
Ó ní, "Ìwọ, ṣé o máa ń sùn?"
Mo lanu kí n parọ́. Ẹkún ló jáde.
Kò sọ pé kí n mọ́kàn le.
Ó bu àkàrà ọ̀dùnkún rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi,
ó ní, "Èmi náà ń sùn. Oorun ajá ẹnu ọ̀nà."
Ẹ̀rín pa wá.
A rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi yọjú.
Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo rí i
pé mi ò ka nǹkan kan.

Mo ti máa ń rò pé ojú ni ìrètí ní,
pé ọ̀nà jíjìn ló ń wò.
Àṣé etí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà:
ìrètí, ẹni tó dùbúlẹ̀
tí etí rẹ̀ kan ṣì dìde.

"Màmá," ni Yerko wí láti yàrá kejì, "òjò ti dá."
Lóòótọ́, ó ti dá. Ta ló mọ ìgbà tó dá?
Mo gbé ìbọ̀sẹ̀ sókè sí iná. Ó ti gùn jù.
Mo gbàgbé láti ka ojú rẹ̀.
Mi ò ní tú u.
Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń dàgbà bọ̀.